Ibi Tí Mẹ́rìndínlógún Ti Wá

“Tọ̀ntọ́n Ṣọpẹ́, mẹ́rìndínlógún yẹn, níbo ló ti wá?”

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni Bénie lọ́jọ́ tó béèrè ọ̀rọ̀ yìí, lọ́dún 2001, nínú àgbàlá kan ní Yopougon, ní Abidjan, tí ìdílé mẹ́fà jọ ń gbé. Tọ̀ntọ́n ni àwọn ọmọ Abidjan máa ń pe ọkùnrin tó bá tó àbúrò bàbá wọn. Ó ya gbogbo àgbàlá lẹ́nu, nítorí pé ọmọ náà kì í sọ̀rọ̀. Bí Odette ìyá rẹ̀, tó ń ta aṣọ ní ọjà Adjamé Roxy, bá rán an níṣẹ́ sí yàrá kejì, á kọ́kọ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà, á máa to ọ̀rọ̀ náà sínú, bí ẹni tó ń ru ẹyin tí kò fẹ́ kí ọ̀kan já bọ́. Yorùbá Kétu tí ìyá rẹ̀ ń sọ yé e yékéyéké, ṣùgbọ́n Faransé ló máa ń yá a lẹ́nu. Ọmọ yìí kan náà ló wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbàlagbà tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, tó sì la ẹnu.

Adéṣọpẹ́, ẹni tí wọ́n bi, dá òòlù rẹ̀ dúró lókè.

Ọmọ Èjìgbò ni. Ó ti wọ Abidjan ní 1998, bí ọ̀pọ̀ ará ìlú rẹ̀ ti ṣe ṣáájú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò bá wọn jókòó ti ọjà. Abọ́ tẹlifíṣọ̀n ló ń ṣe, àwọn abọ́ ràgàjì tó ń gba àwòrán láti ojú ọ̀run. Á tẹ irin tín-ín-rín bí egungun agboòrùn, á fi àwọ̀n alumíníọ̀mù bò ó, á sì so ó pinpin. Lẹ́yìn náà ni yóò gbé orí sí i. Orí ni wọ́n ń pe ohun kékeré tó máa ń dúró níwájú abọ́ lórí irin mẹ́ta, tó ń gba gbogbo ohun tí abọ́ bá kó jọ. Tí orí bá fi ìka méjì ṣìnà, kò sí àwòrán. Ohun tó dà bí ìyẹ̀fun ni yóò máa ṣàn lójú tẹlifíṣọ̀n.

Adéṣọpẹ́ kì í ṣìnà. Ó ní òfin kan tó máa ń kà sókè bó bá ti ń wọn abọ́, bí ẹni ń ki ara rẹ̀: “Ẹnu, ọgọ́jọ. Ọgọ́jọ lọ́nà ọgọ́jọ. Fi jíjìn pín in, mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Fi mẹ́rìndínlógún pín èyí tó kù. Mẹ́rìnlélọ́gọ́ta!” Sẹ̀ǹtímítà mẹ́rìnlélọ́gọ́ta sókè láti ìdí abọ́, ibẹ̀ ni orí yóò jókòó, àwòrán á sì mọ́ gaara.

“Ẹnu wà lára abọ́,” ni Bénie tún wí, ohùn rẹ̀ ti ń lọ sílẹ̀. “Jíjìn náà wà lára rẹ̀. Mo ti wá mẹ́rìndínlógún lára rẹ̀ títí, n kò rí i.”

Àwọn ìyá tó ń ṣa ìrẹsì nítòsí bú sẹ́rìn-ín. “Ọ̀gá Ṣọpẹ́, ẹ dá a lóhùn o! Ọmọ ti wá ṣe ìdánwò fún yín.”

Adéṣọpẹ́ wo abọ́, ó wo ọmọ. Ó wá fa òwe yọ, bí ẹni tó fa aṣọ bo ihò ara ògiri. “Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Lọ wo ìkòkò ìyá rẹ kó má jóná.”

“Ẹ ṣeun, Tọ̀ntọ́n,” ni ọmọ náà wí, ó sì lọ. Kò sí ìkòkò kankan lórí iná. Adéṣọpẹ́ sọ òòlù kalẹ̀ lórí irin, àtàǹpàkò ọwọ́ òsì rẹ̀ ló bà.

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé òun náà kò mọ ibi tí mẹ́rìndínlógún ti wá. Òṣogbo ló ti kọ́ṣẹ́, lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó ń jẹ́ Olúkáyọ̀dé. Ọdún mẹ́rin gbáko ló fi ń tẹ irin níbẹ̀ láìmọ ibi tí orí ń jókòó, nítorí pé ọ̀gá máa ń lé gbogbo ọmọ iṣẹ́ jáde nígbà tó bá fẹ́ gbé orí sí abọ́. Ọjọ́ tó gba òmìnira, lẹ́yìn àdúrà àti ìrẹsì, ọ̀gá fà á wọ inú ṣọ́ọ̀bù, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì sọ òfin náà sí i létí. Ó tún fún un ní okùn kan. Ẹ̀kọ́ okùn náà ni pé kí ó ta kókó sí i níbi tó bá gùn tó ìlọ́po méjì gíga orí. Kó wá fi igi dábùú níbi tí orí ga dé, kó na okùn sọ̀kalẹ̀ láti ara igi lọ kan abọ́, kó sì dá a padà sí orí. Ibi yòówù kó kàn lára abọ́, okùn gbọ́dọ̀ tó géérégé. Tí kò bá tó níbì kan, abọ́ ti wọ́ níbẹ̀; kó fi òòlù tún un ṣe.

Kò sí ọmọ iṣẹ́ tó ń bi ọ̀gá ní “kí ló dé” lọ́jọ́ òmìnira. Ẹni tí wọ́n fún ní kọ́kọ́rọ́ kì í béèrè ẹni tó rọ ọ́.

Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìbéèrè Bénie, oorun ọ̀sán rẹ̀ kò dùn mọ́. Ó lọ sí ibi tẹlifóònù, ó pe Òṣogbo.

“Ṣọpẹ́! Àlàáfíà kọ́ ni? Ṣé abọ́ kò ṣiṣẹ́ ni?”

“Ó ń ṣiṣẹ́, sà. Mẹ́rìndínlógún yẹn ni mo fẹ́ béèrè, ibi tó ti wá.”

Ọ̀gá fi ìbéèrè dá a lóhùn. “Ó ń ṣiṣẹ́, àbí kò ṣiṣẹ́?”

“Ó ń ṣiṣẹ́, sà.”

“Kí wá ni?” Ó sì gbé fóònù sílẹ̀. Láti inú ìdáhùn yẹn ni Adéṣọpẹ́ ti mọ̀ pé wọ́n sọ ọ́ sí ọ̀gá náà létí ni, ní ọjọ́ òmìnira tirẹ̀.

Ó dán an wò fúnra rẹ̀. Ó fi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún pín in nígbà kan, ìyẹ̀fun. Ó fi mẹ́tàdínlógún pín in, ìyẹ̀fun. Mẹ́rìndínlógún nìkan ni ọ̀run ń dáhùn sí. Ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ogun bẹ́ sílẹ̀ ní òkè orílẹ̀-èdè náà, àwọn ènìyàn ń fẹ́ gbọ́ ìròyìn ilẹ̀ òkèèrè, abọ́ ràgàjì sì pọ̀ lórí òrùlé Yopougon bí olú. Bénie ń dàgbà. Ó wọ lycée, ilé ẹ̀kọ́ girama wọn. Bó bá ń kọjá, á kí i, “Ẹ kú iṣẹ́, Tọ̀ntọ́n,” á wo ọwọ́ rẹ̀ díẹ̀, á sì lọ. Kò bi í ní nǹkan kan mọ́. Ìyẹn gan-an ló ń dun Adéṣọpẹ́.

Nígbà tó fi di 2006, ayé ti ń yí padà lórí òrùlé. Àwọn abọ́ kéékèèké tí ara wọn ń dán, tí kò ní ihò, ti ń dé láti òkè òkun. Ignace, tó ni maquis tó wà ní kọ̀rọ̀ àdúgbò, níbi tí wọ́n ti ń jẹ ẹja yíyan àti atiéké, pe Adéṣọpẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kan kí ìdíje bọ́ọ̀lù àgbáyé tó bẹ̀rẹ̀ ní Jámánì. Ọdún náà ni Côte d'Ivoire máa kọ́kọ́ lọ. Gbogbo eré ni Ignace fẹ́ fi han àwọn oníbàárà rẹ̀, kì í ṣe ti orílẹ̀-èdè rẹ̀ nìkan.

“Vieux père,” ni Ignace wí, bí wọ́n ṣe ń pe àgbà níbẹ̀, “n kò fẹ́ agbọ̀n ẹja yín lórí òrùlé mi o. Kékeré ni mo fẹ́. Ṣé ẹ lè ṣe kékeré?”

Gbogbo ẹni tó ń jẹun yíjú. “Mo lè ṣe é,” ni Adéṣọpẹ́ dáhùn. Kò tíì fọwọ́ kan ọ̀kan rí.

Ó lọ sí ẹ̀gbẹ́ èbúté, níbi tí wọ́n ti ń tú ẹrù tòkunbọ̀, ó sì rí abọ́ kékeré kan tó dára, àyàfi pé apá tó ń gbé orí rẹ̀ dúró ti kán dànù sínú ọkọ̀. Èyí kò bà á lẹ́rù. Ṣebí òfin wà? Ó wọn ẹnu rẹ̀: mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún. Jíjìn rẹ̀ láàárín kò tó mẹ́jọ. Ó fi mẹ́rìndínlógún pín in bó ṣe yẹ, ó lé díẹ̀ ní méjìlélọ́gọ́ta. Ó jó apá tuntun mọ́ ọn, ó gbé orí síwájú àárín abọ́, ó gbé e gun òrùlé maquis.

Ìyẹ̀fun.

Ó yí i sí ìlà-oòrùn, ó yí i sí ìwọ̀-oòrùn. Ọjọ́ méjì. Nísàlẹ̀, Ignace ń pariwo: “Vieux père, ṣé ìyẹ̀fun yìí la máa fi ṣe búrẹ́dì ni?” Ẹ̀rín sọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí Adéṣọpẹ́ sọ̀kalẹ̀, Ignace sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Ẹ má bínú. Tó bá di alẹ́ Ọjọ́bọ̀ tí kò bá sí nǹkan, èmi á pe àwọn oníṣẹ́ abọ́ ti Treichville. Àwọn yẹn mọ kékeré. Àdúgbò náà á sì mọ̀ pé àwọn ló mọ̀ ọ́n.”

Adéṣọpẹ́ gbọ́ ohun tó wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ náà. Kò sí ẹni tí yóò tún ra abọ́ alágbọ̀n lọ́dún tó ń bọ̀. Bí kékeré bá kọ̀ fún un, iṣẹ́ rẹ̀ ti parí nìyẹn. Èbúté ló kù, kó lọ máa ru àpò kòkó.

Ọ̀sán Ọjọ́rú, tí kò sí ilé ẹ̀kọ́, ó tẹ́ abọ́ náà sílẹ̀ nínú àgbàlá, ó mú okùn ọ̀gá rẹ̀ jáde. Ó nà án sí òkè, kò tó. Ó nà án sí ìsàlẹ̀, ó ṣẹ́kù. Kò sí ibì kan tó bá a mu. Ó mi orí. Abọ́ yìí ti wọ́ látòkè délẹ̀. Ohun tó yẹ ní ṣíṣe kò ju ọ̀kan lọ. Ó gbé òòlù sókè.

“Tọ̀ntọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Ìdí abọ́ yìí dà?”

Bénie ni. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ìyá rẹ̀ pẹ̀lú ìwé lórí ẹsẹ̀, ojú rẹ̀ sì ti pọ́n. Ọdún márùn-ún ni Adéṣọpẹ́ ti ń dúró kó tún bi òun ní nǹkan. Ó fi òòlù sílẹ̀ pẹ̀lẹ́.

“Ìdí rẹ̀? Àárín náà ni. Níbo ni ìdí abọ́ tún ń wà?”

“N kò mọ̀,” ni ọmọ náà wí. “Ohun tí a ń kọ́ báyìí ló jẹ́ kí n béèrè.”

Adéṣọpẹ́ sún mọ́ ọn, ó wo ìwé náà. Lórí ìlà wẹ́wẹ́ ni ọmọ náà ya ohun kan sí, ó tẹ̀ kọrọdọ, ó sọ̀kalẹ̀, ó tún gòkè. “Ta ló ya abọ́ mi síbí?”

Bénie rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní ìlà tí wọ́n ń pè ní parabole ni, àti pé ọ̀nà mẹ́ta ni olùkọ́ àwọn ní kí àwọn mọ̀ ọ́n kọ. Ó ní òun ti há mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí, ṣùgbọ́n kò yé òun ìdí tí ẹyọ kan kò fi tó.

“Wọn tèmi níbẹ̀,” ni Adéṣọpẹ́ wí, ó nawọ́ sí abọ́ ràgàjì kan tó gbé ti ògiri. “Ẹnu ọgọ́jọ, jíjìn mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n.”

Bénie kọ ọ́. “Ká ní ẹ dúró sí ìdí abọ́. Ẹ rìn ní ọgọ́rin lọ sí etí, ẹ ti gòkè ní mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ọgọ́rin lọ́nà ọgọ́rin, tí a fi mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n pín…” Ó ṣírò ní Faransé lábẹ́ ètè. “Igba ó lé mẹ́rìndínlọ́gọ́ta. Nọ́ńbà abọ́ yín nìyẹn. Ibikíbi tí ẹ bá rìn dé láti ìdí, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po ara rẹ̀, bí ọgọ́rin lọ́nà ọgọ́rin, ẹ fi nọ́ńbà yìí pín in, ẹ ó mọ bí ẹ ṣe ga tó. Tí ẹ bá rìn ní méjìlélọ́gbọ̀n, mẹ́rin.”

Adéṣọpẹ́ mú ìwọ̀n, ó lọ wọn abọ́ rẹ̀. Mẹ́rin géérégé. Ó tún un wọ̀n. “Tí mo bá rìn ní ìlọ́po méjì ìyẹn ńkọ́? Mẹ́rìnlélọ́gọ́ta?”

“Rírìn di ìlọ́po méjì, gíga di ìlọ́po mẹ́rin. Mẹ́rìndínlógún.”

“Mẹ́rìndínlógún rèé!” ni Adéṣọpẹ́ kígbe.

“Èyí kì í ṣe tiyín o, Tọ̀ntọ́n. Ó kàn jọ ọ́ lójú ni.”

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Bénie wá kọ ọ̀nà kejì. Èyí, ó ní, fún ẹni tó dúró sí etí abọ́ ni, tó na okùn láti etí kan sí èkejì. Ibi tó bá dé lórí okùn, kó mú jíjìnnà rẹ̀ sí etí òsì lọ́nà jíjìnnà rẹ̀ sí etí ọ̀tún, kó fi nọ́ńbà kan náà pín in, yóò mọ bí abọ́ ṣe jìn tó lábẹ́ okùn níbẹ̀. Ní àárín, ọgọ́rin lọ́nà ọgọ́rin. Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n náà ló tún bọ́ sí.

“Ibi ìdúró yí padà,” ni Adéṣọpẹ́ wí, ọ̀rọ̀ ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, “abọ́ kò yí padà.”

“Bẹ́ẹ̀ ni! Igba ó lé mẹ́rìndínlọ́gọ́ta yẹn kò yí padà.” Bénie wo ohun tó kọ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. “Ọ̀nà kẹta, èmi kò fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀. Kò sọ ìdí fún ni, kò sọ etí. Òun ni wọ́n sì máa ń fún wa nínú ìdánwò. Àwa la máa wá ìdí rẹ̀ fúnra wa.” Ó wo abọ́ kékeré tó wà nílẹ̀. “Ìdí nìyẹn tí mo fi bi yín. Mo rò pé èyí náà ti pa ìdí tirẹ̀ mọ́. Bóyá kì í ṣe odidi abọ́. Bóyá ègé ni.”

Ègé. Adéṣọpẹ́ rántí igbá ńlá tí ìyá rẹ̀ máa ń lò ní Èjìgbò, èyí tó fọ́, tí wọ́n sì ń fi ègé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bu ọkà. Ègé náà ní ìkòtò láàárín tirẹ̀, ẹni tí kò bá rí odidi igbá á rò pé ibẹ̀ ni ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdí igbá wà níbòmíràn pátápátá, létí ibi tó ti ya. Kò sí ohun tó wọ́. Ọjọ́ méjì ló fi gbé orí síwájú ohun tí kì í ṣe ìdí, òòlù díẹ̀ ló sì kù kó fi ba abọ́ rere jẹ́.

“Báwo la ṣe máa mọ̀?” ni Bénie bi í.

Adéṣọpẹ́ wo ìlà inú ìwé náà. Àgbà ló kọ́kọ́ dáhùn. “Tí ìdí rẹ̀ bá wà létí ìsàlẹ̀, tí mo bá sì gbé e kalẹ̀ bó ṣe wà lára odidi tó jẹ́ ìyá rẹ̀, rírìn ìlọ́po méjì láti etí yẹn á fún mi ní gíga ìlọ́po mẹ́rin.”

Ó fi bíríkì ti ẹ̀yìn abọ́ náà, kí etí ìsàlẹ̀ fara kan ilẹ̀. Bénie ń wọn, ó ń ké e. Ní ogójì láti etí, gíga mọ́kànlá. Ní ọgọ́rin, méjìdínlógójì. Kò pé ìlọ́po mẹ́rin. Adéṣọpẹ́ yọ bíríkì díẹ̀. Mẹ́wàá, mẹ́rìndínlógójì. Ó tún yọ ọ́. Odette ti ọjà dé, ó bá ọmọ rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀ nínú eruku. “Ẹ̀yin méjèèjì, ta lẹ ń kúnlẹ̀ bẹ̀?” Bénie tún na ìwọ̀n. Odette gbé ẹrù rẹ̀ kalẹ̀, òun náà dúró, ó ń wò.

“Mẹ́jọ,” ni Bénie wí. Ó sún ìwọ̀n lọ síwájú. Ó wò ó lẹ́ẹ̀mejì. “Méjìlélọ́gbọ̀n.”

Mẹ́jọ lọ́nà mẹ́rin. Ìdí ti yọjú.

“Ọgọ́rin lọ́nà ọgọ́rin, tí a fi méjìlélọ́gbọ̀n pín, igba,” ni Bénie wí. “Nọ́ńbà tirẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n n kò mọ bí ẹ ṣe máa rí ibi orí nínú rẹ̀.”

Adéṣọpẹ́ wo abọ́ ràgàjì rẹ̀. Nọ́ńbà tirẹ̀ igba ó lé mẹ́rìndínlọ́gọ́ta, orí rẹ̀ ní mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Ó fi ìka ka á nínú eruku. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni orí wọ inú nọ́ńbà náà. Ó tún un kà. Ó wá fi mẹ́rin pín igba, ó dìde, ó fi irin wọn àádọ́ta sókè láti etí ìsàlẹ̀, ó sì fi ṣọ́ọ̀kì fàlà síbẹ̀.

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n gbé e gun òrùlé maquis. Adéṣọpẹ́ yí i díẹ̀díẹ̀. Nísàlẹ̀, ìyẹ̀fun, ìyẹ̀fun, òjìji kan, lẹ́yìn náà ni ojú ènìyàn kan hàn ketekete, tó ń sọ̀rọ̀ nípa òjò ní ilẹ̀ Yúróòpù. Ignace gbé ìjókòó kan sókè orí rẹ̀. “Vieux père! Àwọn ti Treichville kú ìnáwó ọkọ̀ o! Kí wọ́n máa gbádùn nílé wọn!”

Adéṣọpẹ́ kò dúró jẹ ẹja tí wọ́n fi lọ̀ ọ́. Ó lọ tààrà sí àgbàlá, ó mú okùn ọ̀gá rẹ̀, ó jókòó síwájú abọ́ ràgàjì. Títí di àárọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n ń rí i tó ń na okùn, tó ń ká a, tó ń fi ìka kọ nǹkan sínú eruku, tó ń pa á rẹ́. Nígbà tí Bénie ti lycée dé, ó pè é, ó sì ní kó jókòó sórí àpótí irin iṣẹ́ rẹ̀, níbi tí ọmọ kankan kì í jókòó sí.

“O bi mí ní nǹkan nígbà tí o wà ní kékeré,” ni ó wí.

Bénie tẹ orí ba. “Mo rántí, Tọ̀ntọ́n.”

“Mẹ́rin méjì ni wọ́n, tí wọ́n wọ inú ara wọn. Ọ̀kan jẹ́ ti àwa oníṣẹ́. Láti ìdí ló yẹ ká ti máa wọn, ṣùgbọ́n etí sí etí ló rọrùn fún wa. A ti sọ ìrìn di ìlọ́po méjì. Tó bá wá di ìlọ́po ara rẹ̀, ó ti fi mẹ́rin pọ̀ jù. A gbọ́dọ̀ fi mẹ́rin pín in kó lè padà sípò. Ìdí nìyẹn tí abọ́ ègé kò fi nílò rẹ̀, nítorí pé láti ìdí la ti wọ̀n ọ́n. Èkejì, okùn yìí ló sọ ọ́ fún mi. Láti ibi tí orí ga dé, ó sọ̀kalẹ̀ sí ìdí, mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Ó padà sí orí, mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Ó sọ̀kalẹ̀ sí etí, mọ́kàndínlógójì. Láti etí sí orí, mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún. Rò wọ́n pọ̀.”

“Ọ̀kan náà ni,” ni Bénie wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. “Méjìdínláàádóje.”

“Ká ní abọ́ wá gbòòrò títí etí rẹ̀ fi ga bá orí. Okùn kò ní ibi tí yóò sọ̀kalẹ̀ sí mọ́. Yóò lọ gbọọrọ, ìlọ́po méjì gíga orí. Ìlọ́po méjì, tó bá di ìlọ́po ara rẹ̀, ìlọ́po mẹ́rin ni. Fi gíga etí náà pín in, nọ́ńbà abọ́ á jẹ́ gíga orí lọ́nà mẹ́rin. Mẹ́rin kejì nìyẹn. Mẹ́rin lọ́nà mẹ́rin.” Ó ká okùn náà, ó sì fi lé ọmọ náà lọ́wọ́. “Kì í ṣe pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, Bénie. N kò mọ̀ ọ́n ni, lọ́jọ́ náà.”